Wọ́n Ní Kí Ṣọ́ọ̀bù Mi Lọ Ní Akáǹtì Tiẹ̀

Ẹ bá mi dá sí i o, ẹ̀yin ará Rẹ́mọ. Télọ̀ ni mí ní Ìlíṣàn, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni mo fi ń jẹun, mi ò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè àfi ìyá tó ń ta òwú. Ṣùgbọ́n láìpẹ́ yìí, kò sẹ́ni tó máa wọ ṣọ́ọ̀bù tí kò ní bi mí pé: "Dádì, ṣọ́ọ̀bù yín ò ní akáǹtì tiẹ̀ ni?" Bí mo bá ní mo wà lórí Facebook, mo wà lórí WhatsApp, wọ́n á ní tèmi nìyẹn, ti ṣọ́ọ̀bù ńkọ́? Ṣé ṣọ́ọ̀bù ló ń tẹ máṣíìnì ni?

Ọmọ mi obìnrin ni olórí wọn. Ẹjọ́ bàbá ìyàwó mi ló máa ń fi dè mí mọ́lẹ̀. Nígbà tí bàbá náà papòdà, mo gbé fọ́tò wọn sórí Facebook, mo kọ ọjọ́ ìsìnkú sí i. Kọ́sítọ́mà kan já wọ àárín àwọn tó ń kí wa kú ara fẹ́ra kù, ó ní: "Ẹ kúuṣẹ́ sà. Èló ni eléyìí? Ṣé ẹ lè bá mi rán irú ẹ̀ kó tó di Sátidé?" Àwọn àna mi fárí gá. Ṣùgbọ́n ká sòótọ́, agbádá tó wà lọ́rùn bàbá nínú fọ́tò yẹn, èmi ni mo rán an, kọ́sítọ́mà náà sì padà wá rán tiẹ̀. Pẹ́ẹ̀jì wo ló máa bá mi ta irú ọjà bẹ́ẹ̀?

Ọmọ mi ní kí n lọ gba WhatsApp Business, èyí tó jáde ní 2018. Mo ní ó dáa. Àṣé bí mi ò bá fẹ́ pa tèmi tì, nọ́ńbà ọ̀tọ̀ ló máa lò. Nọ́ńbà ọ̀tọ̀ ń fẹ́ síìmù, síìmù ń fẹ́ NIN, gbogbo wọn ń fẹ́ dátà, bẹ́ẹ̀ oṣù kìíní 2025 ni NCC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ fóònù, fọwọ́ sí i pé kí àwọn oníléeṣẹ́ fóònù lè fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn. Ẹni tí kò rówó bọ́ ìyàwó kan yó, ẹ ní kó lọ fẹ́ èkejì!

Ó tún ní Facebook kò gba ọ̀rẹ́ ju ẹgbẹ̀rún márùn-ún lọ fún ẹnì kan, pé pẹ́ẹ̀jì ni kò lópin. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún! Gbogbo ẹni tí mo mọ̀ láti Ìkẹ́nnẹ́ dé Ṣàgámù, àtòkú àtààyè, kò tó bẹ́ẹ̀. Mark Zuckerberg, ọ̀gá Facebook fúnra rẹ̀, ló sì kéde ní oṣù kìíní 2018 pé ọ̀rọ̀ ẹbí àti ọ̀rẹ́ ni òun yóò máa gbé síwájú ju ti àwọn pẹ́ẹ̀jì oníṣòwò lọ. Ẹni tó ni ilé ní ẹbí ni òun fẹ́ rí, ẹ ní kí n lọ ya ṣọ́ọ̀bù mi kúrò lára ẹbí.

Ká tiẹ̀ ní mo ṣí i síbi gbogbo. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá 2021, Facebook, WhatsApp àti Instagram dákú pa pọ̀ fún bíi wákàtí mẹ́fà, torí olówó kan náà ló ni wọ́n. Twitter ńkọ́? Ìjọba tì í pa ní oṣù kẹfà ọdún náà, ó di oṣù kìíní 2022 kí wọ́n tó ṣí i.

Èmi náà gbà fún ọmọ mi níbì kan. Àwọn ọmọ Babcock, yunifásítì wa láti 1999, fẹ́ fojú rí bí ṣòkòtò ṣe jókòó kí wọ́n tó gbé aṣọ lé èèyàn lọ́wọ́. Lórí akáǹtì mi, wọ́n á kọ́kọ́ la àdúrà òwúrọ̀ kọjá, àti ìjà òṣèlú èmi àti ará Ìkẹ́nnẹ́ kan, àti ìgbéyàwó ọmọ àbúrò mi, kí wọ́n tó kan ṣòkòtò kan ṣoṣo. Mo bá sọ fún ọmọ mi pé kó ṣí i, kó máa ya fọ́tò, kó máa dá wọn lóhùn. Ó ní òun ní ìdánwò.

Ó parí. Ọjọ́ tí ẹlòmíì bá gbà láti máa bójú tó o ni ṣọ́ọ̀bù mi máa ní akáǹtì. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ rán aṣọ ọdún, ẹ béèrè Bàbá Télọ̀ ní Ìlíṣàn, ẹ mú aṣọ yín dání, kí ẹ sì mú ìdajì owó wá.