Jagun Adán-bí-Dígí: Oríkì Ìṣó Páànù Ìbàdàn

Wọ́n ti ki Balógun n'Ìbàdàn, wọ́n ti ki Ìyálóde, wọ́n ti ki àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì. Ẹnikẹ́ni ò tíì ki akọni tó wà lókè gbogbo wọn. Ìjòyè wo ló wà ní Ọjà'ba, ní Bẹẹrẹ, ní Màpó tàbí ní Beyerunka tí kì í sùn sábẹ́ rẹ̀ lálaalẹ́? Ìṣó páànù ni. Adán-bí-dígí-nísọ̀, Apọ́n-lẹ́yìn-òjò! Olórí pẹrẹsẹ, onídìí ṣóńṣó. Wọ́n fi òòlù lù ú lórí, kò sunkún. Àwọn tó sùn sábẹ́ rẹ̀ ló ń gbé abọ́ kiri yàrá nígbà tí òjò bá dé. Ó kéré débi pé ọmọdé lè kó ọgọ́rùn-ún rẹ̀ sápò, agbára rẹ̀ sì tó láti sọ agbo ilé di gbangba lóru kan ṣoṣo.

Bí ẹ̀tọ́ bá wà láyé, Gbọ̀ngàn Màpó, tí ẹnjiníà tí wọ́n ń pè ní Taffy Jones kọ́, tí wọ́n sì ṣí ní 1929, ló yẹ kí wọ́n ti já ewé oyè lé e lórí. Gbogbo orí òkè Màpó ì bá kún fún àwọn tó ti jẹ oore rẹ̀: ẹni tó ń ta báàfù oníke, ẹni tó ń ta ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń dí ihò òrùlé, àti káfíńtà tí wọ́n ń ránṣẹ́ pè padà lọ́dọọdún.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ilẹ̀ ìjọba rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, kó gun Ilé Ìṣọ́ Bower ní Òkè Àrẹ, èyí tí wọ́n kọ́ ní 1936, tí ará ìlú sọ ní Láyípo. Kó wo ìsàlẹ̀: òrùlé lórí òrùlé, gbogbo rẹ̀ pupa rúsúrúsú. Akéwì J. P. Clark rí àwọ̀ ìpẹtà yìí, ó kọ ọ́ sínú ewì kúkúrú kan nípa Ìbàdàn, ó sì kà á mọ́ ẹwà ìlú náà. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Àlejò akéwì kọ́ ni òjò ń jò lé lórí.

Ìdílé tí akọni yìí ti wá kò gbó tó ti àwọn jagunjagun ìlú. Ewé gbódògì àti koríko ni wọ́n fi ń bo ilé tẹ́lẹ̀, ẹta iná kan láti ibi ìdáná sì lè jó ọ̀pọ̀ agbo ilé kan eérú. Ní 1829, Henry Robinson Palmer gba ìwé-àṣẹ ní London lórí irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ká ní ìgbì-ìgbì. Ní 1837, Stanislas Sorel gba tirẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé lórí bí wọ́n ṣe ń ri irin bọ inú sínkì yíyọ́ kó má baà dógùn-ún. Nígbà tí rélùwéè láti Èkó wọ Ìbàdàn ní 1901, ẹrù páànù tí orí aláàárù ì bá rù títí ọrùn á fi wọ́ wá ń dé ní wẹ́rẹ́. Iná ò jó páànù. Ayọ̀ ṣubú lu ayọ̀. Ṣùgbọ́n páànù ò lè dá dúró lórí igi, ó ní láti ní ohun tí yóò dì í mú, ibẹ̀ sì ni ìṣó ti rí ọ̀nà wọ ààfin.

Ẹ̀wù ni ìṣó fi ń ṣe fáàrí. Sínkì ni wọ́n fi ń rán an, ọ̀nà méjì sì ni. Ọ̀nà kan ni kí wọ́n fi iná mànàmáná lẹ sínkì mọ́ ọn lára. Èyí ń dán gbinrin, ó ń yọ̀ lọ́wọ́, nínípọn rẹ̀ kì í sábà ju máíkírónì 5 sí 10 lọ, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ̀rún máíkírónì ló para pọ̀ di mílímítà kan. Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n rì í bọ inú sínkì gbígbóná tó ti yọ́. Onítọ̀hún máa ń rí wúruwùru, àwọ̀ rẹ̀ bí eérú, ó ń ha ọwọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀wù rẹ̀ lè nípọn tó máíkírónì 45 sí 80. Òǹrajà dé ìsọ̀, ó wo méjèèjì, ó mú èyí tó ń dán. Ta ni yóò dá a lẹ́bi? Afínjú kì í ra ohun tó dà bíi pé wọ́n wú u láti inú ààrò.

Ìlànà àgbáyé tí wọ́n ń pè ní ISO 9223 sọ pé níbi tí ọ̀rinrin àti èéfín bá jẹ́ ìwọ̀nba, sínkì ń pàdánù nǹkan bíi máíkírónì 0.7 sí 2.1 lọ́dún. Ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè parí ìṣirò náà. Bí 2 bá ń lọ lọ́dún, ẹ̀wù oní-6 tán ní ọdún 3. Ẹ̀wù oní-50 yóò lo ọdún 25. Òjò Ìbàdàn, tó ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Ẹrẹ́nà tí kì í sì í parí kí oṣù Ọ̀wàrà tó dé, kì í fi ìṣirò yìí ṣeré. Àti pé òòlù tó bá kọ́kọ́ ba orí ìṣó onídídán ti fá díẹ̀ nínú ẹ̀wù ọ̀hún kí òjò tó kàn án rárá.

N'Ìbàdàn, kò sẹ́ni tó ń fò lórí àtẹ̀gùn oyè. Mọ́gàjí á kọ́kọ́ di Jagun, á wá máa gòkè díẹ̀díẹ̀, ipò tó lé ní ogún, kó tó kan Olúbàdàn, ọ̀pọ̀ sì ti darúgbó kùjọ́kùjọ́ kó tó débẹ̀. Ìṣó onídídán kò ní sùúrù yẹn. Òjò kìíní, orí rẹ̀ pọ́n: ó di Jagun. Oòrùn ọ̀gbẹlẹ̀ mú kí rọ́bà ẹ̀tàn tí wọ́n fi sábẹ́ orí rẹ̀ gbẹ, ó là: ó di Aṣípa. Ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, ihò fẹ̀, ó ń mì: ó di Balógun. Ọdún tí ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò bá sì ká páànù kúrò lórí ilé ni ó gun orí ìtẹ́, gbogbo àdúgbò á sì jáde wá wò ó.

Ìjì nìkan kọ́ ló ń bá a ṣe é. Òrùlé kì í dúró sójú kan. Bí ooru ọ̀sán bá fi ìwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì 40 ju ti òwúrọ̀ lọ lára páànù, èyí kì í sì í ṣe ohun tuntun lábẹ́ oòrùn oṣù Èrèlé, abala alumíníọ́mù tó gùn ní mítà 6 yóò nà tó mílímítà 6 kí ọ̀sán tó pọ́n tán. Irin á nà tó 3. Lálẹ́, ó tún sún kì. Ìṣó tí ara rẹ̀ ń yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́ ń fi ẹ̀sọ̀ yọ kúrò nínú igi lójoojúmọ́. Èyí tí wọ́n lọ́ ara rẹ̀, tàbí sìkúrù gidi, máa ń takú sínú igi, ìdí nìyẹn tí akọni yìí fi kórìíra wọn.

Ìlànà kan wà tó ń bà á nínú jẹ́ ju gbogbo rẹ̀ lọ: ohun tó bá di òrùlé mú gbọ́dọ̀ bá òrùlé náà tan, ó sì gbọ́dọ̀ pẹ́ láyé jù ú. Bí omi bá so irin méjì tí kò bára tan pọ̀, ọ̀kan á máa jẹ ekejì. Ìdí nìyẹn tí ìṣó páànù fi jẹ́ ọkọ ìyàwó tó burú fún òrùlé alumíníọ́mù long-span, tó ti gba àwọn ilé tuntun kan. Ní ọjọ́ ìgbéyàwó, ẹ̀wù sínkì ń dán lára ọkọ, ohun gbogbo ń lọ déédéé. Nígbà tí ẹ̀wù bá ya, irin ìhòòhò fara kan alumíníọ́mù nínú omi, ìyàwó ni yóò sì máa rù: etí ihò á di funfun, á máa fọ́ bí ìyẹ̀fun, títí orí ìṣó á fi lè gba inú rẹ̀ kọjá. Onílé tó sanwó alumíníọ́mù mílímítà 0.55 á wá máa bú ilé-iṣẹ́ tó ṣe é.

Àwọn ẹbí rẹ̀ ti jẹ orúkọ lókè òkun. Ní 1761, ilé-iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì fi bàbà bo ìsàlẹ̀ ọkọ̀ HMS Alarm, ìṣó irin ni wọ́n sì fi kàn án. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní 1763 lẹ́yìn ìrìn-àjò rẹ̀ sí òkun Kàríbíà, bàbà ṣì dára, ìṣó ti jẹrà, abala bàbà mìíràn sì ti já bọ́ sómi. Níbi tí bébà tí wọ́n fi wé bàbà ṣì wà láàárín rẹ̀ àti irin, ìṣó mọ́ tónítóní. Wọ́n rí ẹ̀kọ́ náà kedere, síbẹ̀ nígbà tí ère Liberty ní New York, tí wọ́n ṣí ní 1886, fẹ́ pé ọgọ́rùn-ún ọdún, wọ́n bá irin tó gbé awọ bàbà rẹ̀ ró tó ti wú, tó ti fa rífẹ́ẹ̀tì yọ. Láàárín 1984 sí 1986, wọ́n fi irin sítéńlẹ́ẹ̀sì pààrọ̀ ọ̀pá bíi 1,800. Ìdílé ńlá ni ti ìṣó. Ìwà wọn kò yàtọ̀.

Àwọn ọ̀tá rẹ̀ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn kò pọ̀. Lórí páànù onísínkì, ìṣó eléérú tí wọ́n rì bọ sínkì gbígbóná ni, pẹ̀lú wáṣà rọ́bà tí kì í là. Lórí long-span, sìkúrù alumíníọ́mù tàbí ti sítéńlẹ́ẹ̀sì ni. Lóòótọ́, sítéńlẹ́ẹ̀sì kò bá alumíníọ́mù tan, ṣùgbọ́n orí sìkúrù kékeré lójú abala fífẹ̀ kò lè jẹ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń kọ́lé sí Bàdágírì, tí iyọ̀ òkun ń fẹ́ dé, yóò wá oríṣi 316. N'Ìbàdàn, tó lé ní 100 kìlómítà sí òkun, 304 ti tó. Bàbà kò gbọ́dọ̀ débẹ̀ rárá, kódà omi tó ń kán láti inú páìpù bàbà ẹ̀rọ amúlétutù ń jẹ alumíníọ́mù. Símẹ́ńtì tútù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, èyí tí àwọn tó ń fi ògiri gogoro yí òrùlé ká lóde òní kì í rántí. Stone-coated ni ti àwọn tó lówó lọ́wọ́: irin tí wọ́n fi àdàpọ̀ alumíníọ́mù àti sínkì bò ni, ìṣó tirẹ̀ sì ń wọlé láti iwájú abala, kì í ṣe láti òkè, wọ́n á sì fi ọ̀dà àti òkúta wẹ́wẹ́ bo orí rẹ̀. Àsíbẹ́sítọ́ọ̀sì àtijọ́ kì í gba ìṣó lójú òòlù, ó ń là; bóòtù nínú ihò tó fẹ̀ díẹ̀ jù ú lọ ni wọ́n ń lò, eruku rẹ̀ sì léwu fún ẹ̀dọ̀fóró débi pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbẹ́ ihò tuntun sí i lára mọ́.

Káfíńtà ni akígbe ọba fún akọni yìí. Ó ń ṣa ìṣó àtijọ́ nílẹ̀, ó ń lù wọ́n tọ́ lórí òkúta, ó ń dá wọn padà sí òrùlé láìní ẹ̀wù kankan lára. Ó ń kàn án sínú kòtò páànù, níbi tí omi ń gbà, dípò orí ìgbì rẹ̀, nítorí pé inú kòtò rọrùn láti dé igi. Bó bá gé páànù, ó ń fi èérún irin sílẹ̀ lórí rẹ̀ kí òjò sọ ọ́ di àmì pupa. Lẹ́yìn ìyẹn ó ń fi ọ̀dà dúdú dé e ní fìlà, onílé á sì sanwó fìlà náà.

Ẹnì kan ṣoṣo ni Jagun Adán-bí-dígí ń bẹ̀rù: òǹrajà tó mú mágínẹ́ẹ̀tì wá sí ìsọ̀. Mágínẹ́ẹ̀tì kì í gbá alumíníọ́mù mú, kì í sì í fẹ́rẹ̀ gbá sítéńlẹ́ẹ̀sì 304. Bí olùtajà bá ń búra pé sítéńlẹ́ẹ̀sì ni, tí ìṣó sì fò mọ́ mágínẹ́ẹ̀tì gbàgà, kí wọ́n kí i, kí wọ́n gbé e kalẹ̀; bó bá sì jẹ́ páànù onísínkì ni wọ́n fẹ́ kàn, kí wọ́n ní kó mú èyí tó rí bí eérú wá láti ẹ̀yìn ìsọ̀.