Kọnkéré Akọ, Kọnkéré Abo

Akọ òkúta ni mo ti ń gbọ́ látọjọ́ tí mo ti dáyé. Sátidé tó kọjá ni mo tó mọ̀ pé kọnkéré náà ní akọ àti abo.

Wọ́n ń da dẹ́kìn ilé kan ní Mushin, lẹ́yìn ọjà Ojúwòyè. Àwọn lébírà tò gun àkàsọ̀ bí ìjàlọ, ọkùnrin mẹ́fà, obìnrin mẹ́rin, páànù kọnkéré lórí oníkálukú. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà wọ ṣòkòtò sábẹ́ ìró. Sìmẹ́ńtì ti mu òṣùká orí rẹ̀ títí ó fi le gbagidi. Nírọ̀lẹ́, fọ́máànù pín owó. Tàwọn obìnrin fi ẹgbẹ̀rún méjì náírà dín sí tọkùnrin.

"Ọ̀gá, ṣé páànù tiwọn ni kò kún ni?"

"Ó kún, sà. Ṣùgbọ́n obìnrin ni wọ́n. Ọkùnrin ló ń gbọ́ bùkátà ilé."

Ìyá olóṣùká gbọ́. Ó pòṣé, ó so owó rẹ̀ mọ́ etí ìró, ó bá tirẹ̀ lọ.

Mo tẹ̀ lé e dé Ojúwòyè, mo ní bóyá onígààrí máa ta kóńgò abo fún un. Kóńgò akọ ló tà. Onídánfó Ìdí-Òrò náà gba owó akọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ má bú fọ́máànù o, ọwọ́ àgbà ló ti kọ́ ọ. Abala 17 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ pé bíṣẹ́ bá ti dọ́gba, kówó dọ́gba, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin. Ọ̀rọ̀ dùn! Àṣé abala 6 ti lúgọ síwájú, ó ní kí ilé ẹjọ́ má dá sí ohun tó wà ní Orí Kejì ìwé náà, ibẹ̀ gan-an ni abala 17 sì wà. Wọ́n se àsè, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ìkòkò ọbẹ̀. Láti 1974 nìjọba ti tọwọ́ bọ àdéhùn ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sọ́rọ̀ iṣẹ́, lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Ọmọbìnrin tí wọ́n bí lọ́dún yẹn ti ń gbé ọmọọmọ pọ̀n.

Owó oṣù tó kéré jù, 70,000 náírà, tí wọ́n sọ dòfin lọ́dún 2024 ńkọ́? Kò kan ibi tí òṣìṣẹ́ kò bá ti tó 25. Lébírà mẹ́wàá la kà. Ẹ bá wa wá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i.

Fọ́máànù, mo gbọ́ pé ó ku dẹ́kìn kan lókè. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ dà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ ya kọnkéré sọ́tọ̀, kí abo fi ẹgbẹ̀rún méjì fúyẹ́ ju akọ lọ. Bí kò bá ṣeé yà, ẹ sanwó àwọn ìyá yẹn pé.