Ẹ Má Sọ Ọmọ Náà Ní Optimus

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀ lórí tábìlì mi, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ ti ìyakọ, ti orogún tàbí ti owó èlé. Ọ̀rọ̀ róbọ́ọ̀tì ni gbogbo wọn. Mò ń sọ nípa àwọn róbọ́ọ̀tì oníke tí wọ́n ń pè ní Transformers, tí wọ́n á jẹ́ ọkọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, àfi kí ẹ fa apá yọ, kí ẹ yí ẹsẹ̀, wọ́n á sì dìde dúró bí ènìyàn. Àwọn tó kọ̀wé kì í ṣe ọmọdé o. Onírùngbọ̀n ni wọ́n, wọ́n ń san owó ilé.

*Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. London ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Yàrá tí a fi sílẹ̀ de ọmọ tó wà nínú mi ti kún fún róbọ́ọ̀tì dé òkè àjà. Èyí ò tiẹ̀ dùn mí tó ọ̀rọ̀ tó sọ lánàá. Ó ní bí mo bá bí ọkùnrin, Optimus ni òun máa sọ ọ́. Mo ní kí ló dé? Ó ní ṣebí ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ gbà mí. — Aláboyún Peckham*

Ìyàwó wa, ọkọ yín gbọ́n ju bí ẹ ṣe rò lọ. Bí ẹ bá wo ilé yẹn lóòótọ́, kí lẹ máa rí bí kò ṣe róbọ́ọ̀tì? Ẹ má bá a jà lórí òwe, á borí yín. Orí ìtàn ni kí ẹ ti mú un.

Ẹ bi í pé ta ló sọ Optimus Prime lórúkọ. Japan ni wọ́n ti bí i. Ilé-iṣẹ́ Takara ló ṣe é, lára àwọn ìṣeré tí wọ́n ń pè ní Diaclone, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 1980. Ẹ̀rọ lásán ni nígbà náà, àwọn ọmọlangidi kéékèèké ló ń wà á láti inú. Ìgbà tí Hasbro ti Amẹ́ríkà fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tà á lọ́dọ̀ wọn ní 1984 ni wọ́n wá ẹni tí yóò fún un ní ìtàn àti ìwà. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún Marvel, àwọn tó ń tẹ ìwé ìtàn aláwòrán. Dennis O'Neil ló sọ ọ́ ní Optimus Prime níbẹ̀, Bob Budiansky ló sì sọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù lórúkọ, tó fi kan Megatron. Nígbà tí wọ́n wá kó gbogbo wọn padà sí Japan láti tà, àwọn ará ibẹ̀ ò gba orúkọ yẹn, Convoy ni wọ́n ń pè é. Ẹ wò ó, wọn ò fi orúkọ náà pè é nílé tí wọ́n ti bí i, ọkọ yín ní Peckham wá fẹ́ fi sọ ọmọ.

Èyí tó burú jù lọ ni pé àbíkú ni Optimus. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ní 1986, wọ́n gbé sinimá kan jáde, Hasbro fẹ́ ta róbọ́ọ̀tì tuntun, wọ́n sì rí i pé ọ̀nà tó yá jù ni kí wọ́n pa àwọn ti àtijọ́ dànù. Wọ́n pa Optimus lójú ọmọdé. Ẹkún sọ ní ilé sinimá, àwọn òbí bínú, ẹ̀rù ba àwọn ọlọ́jà. Kí oṣù kejì ọdún 1987 tó parí, ó ti jí padà lórí tẹlifíṣọ̀n. Nínú ìwé Marvel, geèmù kọ̀ǹpútà ló pa á. Ó borí nínú geèmù náà o, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀dá aláìṣẹ̀ kan tó wà nínú rẹ̀ kú, ló bá ní òun ti rú òfin, kí wọ́n fọ́ òun yángá. Wọ́n fọ́ ọ. Ní 2009, ó tún kú nínú fíìmù, ó tún jí. Ẹ sọ fún ọkọ yín pé bó bá fẹ́ orúkọ tó bá ìwà Optimus mu, Málọmọ́ ni, tàbí Kòkúmọ́, tàbí Dúrósinmí. Kó mú ọ̀kan.

Ní ti yàrá, ẹ gbé ìbùsùn ọmọ wọ ibẹ̀ lónìí. Ẹ má fọwọ́ kan róbọ́ọ̀tì kankan. Ẹ kàn gbé ìgò òróró ìpara ọmọ tí kò ní ìdérí sórí pẹpẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó wọ́n jù. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọkọ yín á ti fúnra rẹ̀ kó gbogbo wọn jáde.

*Bàbá, Houston ni mo wà. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi tí a jọ dàgbà l'Abẹ́òkúta ò kí ara wa mọ́. Ó ní Optimus inú sinimá 2007, èyí tí wọ́n ya iná sí lára, ló dára jù. Mo ní ẹni tó ya iná sára Optimus ò bẹ̀rù Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ wá dórí ètè. Báwo ni róbọ́ọ̀tì ṣe máa ní ètè? Ẹ dá wa lẹ́jọ́. — Onímú Pẹlẹbẹ*

Ọmọ mi, mo mọ ibi tó ń dùn ọ́. Optimus ti 1984 jẹ́ orí tírélà tí kò nímú, iwájú rẹ̀ gún gbọọrọ bí ògiri. Bó bá dìde, gíláàsì tí awakọ̀ ń wò jáde náà ló di àyà rẹ̀. Ọmọdé tó bá rí i lẹ́ẹ̀kan ti mọ bó ṣe ń ṣe é, kò sẹ́ni tó máa ṣàlàyé. Èmi ò tíì rí iṣẹ́ ọnà tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo ẹbí wọn.

Ṣùgbọ́n má fi ọ̀rẹ́ rẹ pe òmùgọ̀. Àwọn tó bá Michael Bay ṣe sinimá 2007 yẹn ò kàn ṣèṣì gbé Optimus wọ tírélà Peterbilt 379 tó nímú gígùn. Wọ́n fẹ́ kí irin tó wà lára ọkọ̀ náà tó irin tó wà lára róbọ́ọ̀tì, kó má ṣe di pé ọkọ̀ kékeré ló wú di òmìrán. Orí tírélà aláìnímú ò ní irin tó, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi nílò imú. Iná tí wọ́n yà sí i ní tirẹ̀, àṣejù ni, mi ò ní gbèjà rẹ̀. Ètè? Wọ́n fẹ́ kí ojú rẹ̀ lè bínú, kó lè ṣàánú, ó sì ní ìbòjú irin tó máa ń fà bo ẹnu nígbà ìjà. Ìwọ gan-an ní ètè, o ò sì fi kí ọ̀rẹ́ rẹ.

Ibi tí ẹ̀yin méjèèjì ti gbé e gbòdì ni pé sinimá lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ohun tó wà lọ́wọ́ yín. Kọ̀ǹpútà lè tú ọkọ̀ sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún wẹ́wẹ́, kó sì tò ó padà kí ẹ tó ṣẹ́jú. Ike ò lè ṣe é. Èyí ló mú kí àwọn ìṣeré kan máa gbé àyà ayédèrú: fèrèsé tó wà láyà róbọ́ọ̀tì kì í ṣe fèrèsé ọkọ̀, ojúlówó wà níbi tí wọ́n ká a sí, níbi tójú ò tó. Òmíràn a máa ru ìlẹ̀kùn, táyà àti ìdajì bọ́ńnẹ́ẹ̀tì sẹ́yìn bí alárù ọjà Bódìjà. Bí ẹnikẹ́ni bá ń yangàn fún ọ pé róbọ́ọ̀tì òun dára, sọ fún un kó yí i padà kí o wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀yìn ni mo fi ń dájọ́ ní tèmi, èyí tó bá mọ́ lẹ́yìn ló mọ́.

Kí o sì rántí ọdún 1996. Nígbà tí eré Transformers tuntun tó ń jẹ́ Beast Wars dé, tí wọ́n sọ olórí tuntun wọn di ọ̀bọ lágídò, Optimus Primal, àwọn àgbà ẹgbẹ́ figbe ta pé ọkọ̀ làwọn fẹ́, àwọn ò fẹ́ ọ̀bọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó pariwo yẹn ló ń fi owó gidi ra ọ̀bọ náà lónìí.

Ìdájọ́ mi nìyí: ẹ pàdé lọ́jọ́ Sátidé. Kí o gbé onímú pẹlẹbẹ rẹ fún un, kó gbé oníná tirẹ̀ fún ọ. Kí ẹ kó ìwé ìtọ́sọ́nà méjèèjì pamọ́, kí oníkálùkù yí róbọ́ọ̀tì ẹnìkejì rẹ̀ padà di ọkọ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣẹ́ apá, kó se làfún àti ewédú fún ilé méjèèjì. Mo ti mọ̀ pé ìwọ lo máa sè é, torí ti 2007 ò rọrùn rárá.

*Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ mi le. Róbọ́ọ̀tì Jetfire mi funfun báláú nígbà tí mo rà á. Ní báyìí ó ti pọ́n bí ìyeyè. Ìyá ìyàwó mi ní ọwọ́ ayé ni. Ṣé kí n gbé e lọ sórí òkè àdúrà? — Onílé Funfun, Ìbàdàn*

Ẹ fi ayé sílẹ̀, iṣẹ́ wọ́n pọ̀ lọ́wọ́. Oògùn kan wà tí wọ́n máa ń pò mọ́ ike kó má baà tètè gbaná, bromine ló wà nínú rẹ̀. Bí ìtànṣán oòrùn bá ń bá a, díẹ̀díẹ̀ ló máa pọ́n. Gbogbo ayé ló mọ Jetfire ti 1985 mọ́ àìsàn yìí. Àwọn kan máa ń tú u, wọ́n á bọ́ sítíkà kúrò, wọ́n á rì í sínú hydrogen peroxide, wọ́n á wá gbé e sójú oòrùn kan náà tó bà á jẹ́. Ó máa ń funfun padà. Nígbà mìíràn, ó tún máa ń pọ́n padà. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ o, oògùn yẹn ò mọ ìyàtọ̀ láàárín ike àti awọ ènìyàn.

Èmi ì bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Jetfire ti jẹ́ àjèjì nínú ẹbí láti ìbẹ̀rẹ̀. Shōji Kawamori ló ya á fún eré kàtúùnù Macross, ilé-iṣẹ́ Takatoku ló ṣe é, Hasbro kàn yá a lò ni. Takatoku wó, ọ̀rọ̀ náà bọ́ sọ́wọ́ Bandai, Bandai sì ni alátakò Takara. Bó ṣe di pé wọ́n ní láti yí ojú rẹ̀ àti orúkọ rẹ̀ padà nínú kàtúùnù nìyẹn, wọ́n pè é ní Skyfire. Ẹni tí ojú rẹ̀ yàtọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, tí orúkọ rẹ̀ yàtọ̀, ẹ wá fẹ́ kí awọ rẹ̀ má yàtọ̀? Bí àlejò bá bi yín, ẹ ní ibà pọ́njú ló ń ṣe é, ẹ sì gba owó aájò lọ́wọ́ wọn.

Ohun tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ni ike aláwọ̀ wúrà tí àwọ̀ rẹ̀ rí wíríwírí, ti nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1980. Ìyẹn máa ń rún wómúwómú bí ẹ bá kàn yí i díẹ̀, kódà bí kò tíì jáde nínú páálí rí. Bí ẹ bá ní irú rẹ̀, ẹ fi ta ìyá ìyàwó yín lọ́rẹ.

*Bàbá, ọmọkùnrin wa, ọmọ ọdún méje, já páálí tí bàbá rẹ̀ ti lẹ̀ pa láti ọjọ́ pípẹ́. Ó yọ róbọ́ọ̀tì náà, ó yí i di ọkọ̀ láìwo ìwé. Ọkọ mi ti dùbúlẹ̀, kò jẹun. — Ìyá Ọmọ, Ṣúrùlérè*

Ẹ jẹ́ kó sinmi, ebi á jí i. Ìdí tí èyí tí wọn ò tíì ṣí fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀ ni pé àwọn ọmọdé 1984 ṣí tiwọn, wọ́n fi jagun nínú iyẹ̀pẹ̀, wọ́n sọ ìkúùkù rẹ̀ nù. Ọmọ yín kò ṣe ju ohun tí àwọn tó ṣe é ní lọ́kàn lọ. Àgbàlagbà ló ń fi páálí pamọ́, tó sì ń pe páálí ní róbọ́ọ̀tì. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Bẹ́ẹ̀ kèrègbè pọ̀ lára àwọn oríkèé yẹn ju pẹpẹ lọ. Kí bàbá dìde, kó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, kó sì san owó ìkọ́ṣẹ́. Kí ọmọ náà má sì gba gbèsè.

Àwọn yòókù, ọ̀rọ̀ yín ò pọ̀. Ẹni tó fẹ́ gbé Megatron ti 1984 sínú báàgì ọwọ́ láti London wá sí Èkó, ṣé ojú yín fọ́ ni? Ìbọn Walther P38 ló ń dà! Bó ṣe jọ ìbọn gidi yẹn ló fa wàhálà fún un, tó fi jẹ́ pé ìgbà tó padà sórí àtẹ ní Amẹ́ríkà ní 1993, ọkọ̀ ogun aláwọ̀ ewé ló dà. Ẹ gbé ìyẹn wá. Ìyàwó tó bi mí pé níbo ni bọ́dì tírélà Optimus ń gbà lọ bó bá di róbọ́ọ̀tì nínú kàtúùnù, ibi tí owó oṣù ọkọ yín ń gbà lọ ni.

Ó ku ẹjọ́ róbọ́ọ̀tì tó ń jẹ́ Bumblebee. Ní 1984, Volkswagen ni, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Ìjàpá, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ l'Ékòó níbí ní 1975. Sinimá 2007 sọ ọ́ di ọkọ̀ Camaro torí Ìjàpá ń rán Michael Bay létí ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Herbie nínú fíìmù mìíràn. Ní 2018, nígbà tí wọ́n fún un ní fíìmù tirẹ̀, wọ́n dá Ìjàpá padà. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ Camaro, ẹjọ́ yín ti tú, ẹ lọ sinmi.

Lẹ́tà tuntun dọwọ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi apá róbọ́ọ̀tì tó ṣẹ́ sínú àpòòwé mọ́, ìyàwó mi ti ń bi mí léèrè ẹni tó ni wọ́n.