Bọ̀dá "Swamped"

Ẹ mọ̀ ọ́n. Bí kò bá sí ní ọ́fíìsì yín n'Íkẹjà, á wà nínú ẹbí yín. Ẹ kí i pé ẹ káàárọ̀, "I'm swamped" ni yóò fi dá yín lóhùn. Ẹ ò tíì bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ o! Ó ti mí kanlẹ̀, ó ti fọwọ́ nu iwájú orí tí kò làágùn.

Ojú ẹni ló ń wò kó tó yan èyí tó máa lò. "My plate is full" ni ti ọ̀gá. Ẹni tó jẹ ní gbèsè ń gbọ́ "I'm up to my neck". Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ní kó wá sípàdé ẹbí, ó di "I'm snowed under", nínú oṣù kẹta, tí ooru Èkó ń bọ́ṣọ lára èèyàn. Àwa tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni "no bandwidth" wà fún.

Mo wọlé tọ̀ ọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo wá gba fáìlì tó ti há sọ́dọ̀ rẹ̀ láti oṣù tó kọjá. Kó buwọ́ lù ú ló kù. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Fọ́tò ìgbéyàwó kan ló wà lójú fóònù rẹ̀, ó ń fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́, ó fẹ́ mọ irú bàtà tí ìyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọ̀. Ó fẹ̀ ẹ́ títí bàtà fi di bàìbàì. Ó dá a padà, ó tún fẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ kejì ń bó ẹ̀pà, èèpo ń já bọ́ sórí fáìlì mi. "Àbúrò, I'm swamped," ló wí, ẹ̀pà lẹ́nu.

Kò jẹ́ sọ ọ́ ní Yorùbá, torí ó gbọ́n. Bó bá ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ òun, a ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, bọ̀dá. Iṣẹ́ wo ni? Ẹ mú díẹ̀ wá ká bá yín ṣe." Ìbéèrè yẹn ló ń sá fún. Ta ni yóò bi ẹni tó ní òun ń "drown" pé omi wo ni?

"Drowning" yẹn ló sì ń bí mi nínú jù. Ọmọ Ìbàdàn ni, Ìbàdàn tí odò Ògùnpa ti kún lọ́jọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, tó wó ilé, tó gbé tọmọdé tàgbà lọ. Omíyalé ni wọ́n ń pè é títí dòní. Ìyẹn ni omi. Àwọn tó gbé lọ kò ráyè ṣẹnu. Ẹlẹ́pà yìí ló wá ń rì? Ojú kì í tì í.

Ó ti rí tuntun báyìí: "burnout". Ó fi tọrọ ìsinmi, ó ní Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fọwọ́ sí i. Lóòótọ́, ó wà nínú ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2019, bẹ́ẹ̀ wọn ò pè é ní àìsàn. Wàhálà iṣẹ́ tó pẹ́ lára èèyàn, tí kò rójútùú, ni wọ́n ní ó ń fà á. Wàhálà iṣẹ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Wọn ò dárúkọ bàtà.