Mítà Ń Yìn Mí, Ayé Ò Gbọ́ Mi

Ọjọ́ tí láísẹ́ǹsì rédíò ham mi dé ni ìgbéraga wọ̀ mí lẹ́wù. Mo gba orúkọ ìpè 5N tèmi, mo so okùn mọ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa n'Íbàdàn, mo bá di ọ̀jọ̀gbọ́n eríà lójú ara mi.

Eríà G5RV ni mo fẹ́ so. Louis Varney, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gbé e kalẹ̀ ní 1946. Orúkọ tó fi ń sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́ ni wáyà náà ń jẹ́ títí dòní. Ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 102. Láti àárín rẹ̀, wáyà oníbejì tó tó ẹsẹ̀ bàtà 34 á sọ̀ kalẹ̀, kí kébù coaxial tó gbà á wọlé. Bí túnà, ẹ̀rọ tó ń bá rédíò àti eríà làjà, bá ti wà níbẹ̀, eríà kan ṣoṣo á máa mú bándì púpọ̀. Àpò mi fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn.

Wáyà oníbejì kì í fẹ́ kí irin sún mọ́ òun. Èmi tí mo gbọ́n ju Varney lọ, mo tẹ́ ẹ sórí páànù, mo dè é mọ́lẹ̀ dan-in dan-in. Iná tó yẹ kó pín dọ́gba sápá méjèèjì bá gba ara coaxial padà wọ yàrá. Bí mo bá gbé máìkì sẹ́nu, á ta mí létè ṣáú!

Bàbá onílé kan ilẹ̀kùn.

"Ọ̀gbẹ́ni, egúngún kan ń sọ̀rọ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n mi."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Èmi ni."

"Ìwọ kẹ̀? Ṣé o ò lè gba ẹnu ọ̀nà wọlé ni?"

Mo fi páìpù oníke gbé wáyà kúrò lórí páànù, mo ká coaxial róbótó níbi tó ti pàdé oníbejì. Egúngún dákẹ́. Àmọ́ ọ̀rá lásán ni mo fi wé ojú ìpàdé ọ̀hún, òjò sì ń bọ̀.

Nígbà tó yá, SWR mi, òdiwọ̀n iná tó ń padà wá láti eríà, di 1.5 lórí gbogbo bándì, láìlo túnà. Mo fọ́nnu fún ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́. Kò bá mi yọ̀. Ó ní, "Tú coaxial kúrò lára eríà, kí o tún wò ó." Mo tú u. 1.5 náà ni! Omi ń kán tótó lẹ́nu rẹ̀, bàbà inú ti dà bí ewé. Wátì 100 tí mo ń rán jáde, omi ló ń gbé e mì. Iná tó jáde àti èyí tó padà wá ni mítà ń fi wéra. Èyí tó ṣègbé lọ́nà, ó kà á sí àṣeyọrí.

Coaxial tuntun gbé owó ilé mi lọ. SWR fò sókè, túnà ń kígbe, ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà ará Brazil kan pe orúkọ mi ketekete. Mo sáré lọ ròyìn fún Bàbá onílé.

Wọ́n ní, "Ó dáa. Ṣé òun ló máa san owó ilé?"