Ọ̀gá Tó Ń Ya Orí Tírélà, Ẹ Wá Wo Bẹ́ẹ̀dì Yín

Ọ̀gá mi àtàtà ní Yúróòpù,

Mo kí yín, mo kí kọ̀ǹpútà tí ẹ fi ń yàwòrán, mo sì kí téèpù tí ẹ fi ń wọn ìdí awakọ̀ kí ẹ tó gé fóòmù ìjókòó. Ẹ má bínú pé n kò fi orúkọ pè yín. Àwọn tó ń ya mọ́tò kéékèèké ni ayé ń pè lórúkọ. Ẹ̀yin tó ń ya ibi tí ènìyàn ti ń jẹ, tó ti ń sùn, tó sì ti ń bá ìyàwó rẹ̀ jà lórí fóònù, ẹ fara pamọ́ sẹ́yìn orúkọ ilé-iṣẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo tí òkìkí rẹ̀ kàn dé ọ̀dọ̀ mi nínú ẹgbẹ́ yín ni Marcello Gandini, òun náà, Lamborghini ló gbé e níyì. Òun ló ya Miura àti Countach, kó tó wá bá Renault ya Magnum tó jáde ní 1990, orí tírélà tí awakọ̀ ń gun àtẹ̀gùn gidi kó tó dé ìdí sítíárìn.

Ìròyìn ni mo ní fún yín. Àwọn ọkọ̀ tí ẹ yà ní bí ogún ọdún sẹ́yìn kò kú o. Wọ́n wà lọ́dọ̀ wa. Ẹ bá mi kalẹ̀ sí Ogere, lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, níbi tí àwọn onítírélà ti máa ń sinmi, ẹ ó rí DAF, MAN, Actros, Iveco àti Volvo tí wọ́n tò lọ gbọọrọ. Lára òmíràn, orúkọ ilé-iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ni ín ní Holland tàbí Jámánì ṣì wà lára ilẹ̀kùn, nọ́ńbà fóònù wọn ṣì wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó pa á rẹ́. Láti 1972 tí Nàìjíríà ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún títì, ọkọ̀ tí sítíárìn rẹ̀ wà lápá òsì là ń wá, tiyín ló sì bá wa mu. Ẹ kò yà á fún wa, ṣùgbọ́n àwa la jogún rẹ̀. Ogún yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ẹ jẹ́ ká mú bẹ́ẹ̀dì ṣáájú. Ẹ ṣe méjì, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè, ẹ fi fóòmù tó nípọn sí i, ẹ tún fi iná kékeré síbi ìgbèrí kí awakọ̀ lè kàwé kó tó sùn. Ìwé kẹ̀, ọ̀gá! Bẹ́ẹ̀dì òkè ti di yàrá ìkẹ́rùsí: tapólì, okùn, jáàkì, kẹ́ẹ̀gì epo ẹ́ńjìnnì, àpò gààrí ọmọ ọkọ̀, àti àlùbọ́sà tí ìyá awakọ̀ ní kó bá òun rà bọ̀ láti Kánò. Bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀ di ìjókòó èrò. Èyí tí ẹ wọ̀n fún ọkùnrin kan tó na gbalaja, ìyá oníṣòwò mẹ́ta máa ń jókòó sí i láti Jẹ́bà dé Ìlọrin, wọ́n á tún gbé ọmọ lé itan. Ẹ kò kọ iye èrò tó ń gbà sí ibì kankan lára rẹ̀, a sì bá yín dán an wò, kò ṣẹ́. Ọlọ́run yóò san yín lẹ́san irin tó wà lábẹ́ fóòmù yẹn.

Ẹ óò bi mí pé awakọ̀ fúnra rẹ̀ ń kọ́, níbo ló ń sùn? Abẹ́ tírélà ni. Ó tẹ́ ẹní sáàárín táyà, ó fi aṣọ ìbora bo orí nítorí ẹ̀fọn. Kì í ṣe torí èrò nìkan o. Bí èrò bá ti sọ̀ kalẹ̀ pàápàá, awakọ̀ kì í wọlé síbẹ̀. Ooru ni. Amúlétutù yín kì í ṣiṣẹ́ bí ẹ́ńjìnnì kò bá tàn, bẹ́ẹ̀ sì ni dísẹ́ẹ̀lì tó wà nínú táńkì, ọ̀gá onítírélà ti fi igi wọ̀n ọ́n kí ọkọ̀ tó gbéra. Awakọ̀ tó bá tan ẹ́ńjìnnì sùn mọ́jú, owó oúnjẹ rẹ̀ ni yóò fi dí i.

Pé ẹ tilẹ̀ ronú nípa òru, mo rí i. Ẹ fi Webasto sí i, ẹ̀rọ tó ń jó dísẹ́ẹ̀lì díẹ̀díẹ̀ láti mú inú ọkọ̀ móoru lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá ti kú. Ẹ ṣeun o. Ẹ kó ooru ránṣẹ́ sí Sókótó! Ìlú tí ojú ọjọ́ rẹ̀ máa ń kọjá 40 sẹ́ńtígíréètì nínú oṣù Kẹrin, tí irin orí ọkọ̀ kì í sì í tú ooru ọ̀sán sílẹ̀ títí di àárín òru. Fèrèsé wá ń kọ́? Méjèèjì wà lára ilẹ̀kùn, níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń wakọ̀. Ẹ̀yìn níbi tí bẹ́ẹ̀dì wà, páànù ló yí i ká. Ihò kékeré kan wà lórí òrùlé tó ṣeé ṣí, ẹ̀fọn Ṣàgámù sì ti mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Ibi tí mo ti fẹ́ bá yín jà gan-an ni ti ẹ́ńjìnnì. Ẹ gbé yàrá awakọ̀ lé e lórí, ẹ wá ní bí ẹ́ńjìnnì bá fẹ́ ìtọ́jú, ká fi jáàkì dojú gbogbo yàrá náà dé síwájú. Lọ́dọ̀ yín, inú gáréèjì ni wọ́n ti ń ṣe é, awakọ̀ á ti kó ẹrù rẹ̀ kúrò, ilẹ̀ á sì mọ́. Lọ́dọ̀ wa, ó lè jẹ́ lóru, ní ẹ̀bá ọ̀nà Mókwà, nínú òjò. Mẹkáníìkì bẹ̀rẹ̀ sí í fa jáàkì, orí ọkọ̀ ń tẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀, inú rẹ̀ ń pariwo. Ìkòkò ọbẹ̀ ló máa ń ṣáájú. Bàtà tẹ̀lé e. Kẹ́ẹ̀gì omi, tẹ̀súbáà, ìgbálẹ̀, ṣájà fóònù. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni àpò gààrí tí ọmọ ọkọ̀ kò so lẹ́nu dáadáa yóò wá já bọ́ láti bẹ́ẹ̀dì òkè, tí yóò da gààrí bo gíláàsì iwájú láti etí dé etí. Bí orí ọkọ̀ bá padà sí àyè rẹ̀, gààrí yẹn á wọ inú ihò amúlétutù, ọjọ́ tí ọ̀gá bá sì gbà kí wọ́n tan amúlétutù, gààrí ni yóò fẹ́ sí wọn lójú.

Àwọn àgbà awakọ̀ tó wa Mercedes 911, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí náíǹ-wọ́n-wọ́n, kì í dákẹ́ bí wọ́n bá rí irú èyí. Ẹ́ńjìnnì tiwọn wà níwájú lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì. Mẹkáníìkì á ṣí i, awakọ̀ á sì máa jẹun rẹ̀ lọ nínú ọkọ̀. Ọkọ̀ náà ṣì ń kó gẹdú jáde nínú igbó Oǹdó títí dòní. Mo máa ń rán wọn létí pé náíǹ-wọ́n-wọ́n kò ní bẹ́ẹ̀dì kankan, pé sítíárìn ni wọ́n ń gbórí lé sùn, pé bí a bá ń bá wọn sọ̀rọ̀, a ní láti pariwo kí wọ́n tó gbọ́. Wọ́n á ní ta ló bi mí.

N kò ní di gbogbo ẹ̀bi lé yín lórí ṣá. Mo mọ ẹni tó gbá yín lọ́wọ́ mú. Òfin Yúróòpù ní orí ọkọ̀ àti tírélà rẹ̀ lápapọ̀ kò gbọdọ̀ gùn ju mítà 16.5 lọ, tírélà sì ti kó mítà 13.6 nínú rẹ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù ni ti awakọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ àti àlàfo tí ọkọ̀ fi ń kọ́nà. Sẹ̀ǹtímítà tí ẹ bá fún awakọ̀, ẹrù ló máa pàdánù rẹ̀, ẹ sì mọ èyí tó ń pa owó wọlé nínú méjèèjì. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbé e lé ẹ́ńjìnnì lórí. Nígbà tí ilẹ̀ kò gbà yín mọ́, ẹ gba òkè lọ: Volvo gbé òrùlé sókè ní 1979, ó pè é ní Globetrotter, awakọ̀ sì ráyè dìde dúró wọ ṣòkòtò.

Ẹ wo Amẹ́ríkà. Títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ń ka gígùn orí ọkọ̀ pọ̀ mọ́ ti tírélà, orí pẹlẹbẹ tí kò nímú bíi tiyín pọ̀ lójú ọ̀nà wọn. Ní 1982, ìjọba àpapọ̀ ṣòfin pé lórí àwọn ọ̀nà ńlá, tírélà nìkan ni kí wọ́n wọ̀n, kí wọ́n fi orí ọkọ̀ sílẹ̀. Kò pẹ́ kò jìnnà, imú ọkọ̀ gùn, yàrá gidi sì wà lẹ́yìn ìjókòó. Awakọ̀ kan náà ni, ẹrù kan náà ni. Àwọn aṣòfin ló ya ọkọ̀ yẹn, ayàwòrán kàn fi ọ̀dà kùn ún ni. Òfin tiwọn tilẹ̀ sọ pé bẹ́ẹ̀dì inú ọkọ̀ kò gbọdọ̀ kúrú ju ínǹṣì 75 lọ, kò sì gbọdọ̀ dín ní ínǹṣì 24 ní fífẹ̀. Ínǹṣì 24! Ẹni tó kọ ìyẹn kò tíì rí ìdí awakọ̀ tó ti ń jẹ iyán fún ogún ọdún.

Ẹ̀yin náà bẹ̀bẹ̀ títí, wọ́n gbọ́. Wọ́n tún òfin Yúróòpù ṣe ní 2015 kí orí ọkọ̀ lè gùn sí i díẹ̀, ó di oṣù Kẹsàn-án 2020 kó tó ṣeé lò, nígbà tó sì di 2021, DAF kó XG+ jáde, ó fi sẹ̀ǹtímítà 16 kún iwájú, ó fi 33 kún ẹ̀yìn. Wọ́n fi àmì-ẹ̀yẹ ọkọ̀ àjàgbé ọdún 2022 dá òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ lọ́lá. Ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá na àtàǹpàkò àti ọmọńdinrín mi, ó ju sẹ̀ǹtímítà 16 yẹn lọ. Gbogbo àtẹ́wọ́ yìí nítorí ìbú ọwọ́ mélòó kan! Síbẹ̀, mo ń jowú wọn. Kí XG+ náà tó di tòkunbọ̀ dé Ogere, a óò ti wá ibi tí àlùbọ́sà máa wà nínú rẹ̀.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé òfin yín ti lé awakọ̀ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì náà. Ilé-ẹjọ́ Yúróòpù sọ ọ́ ní 2017, òfin 2020 sì kín in lẹ́yìn: ìsinmi ọ̀sẹ̀ tó tó wákàtí 45, awakọ̀ kò gbọdọ̀ lò ó nínú ọkọ̀, ọ̀gá rẹ̀ ni yóò sì sanwó ibi tí yóò sùn. Ẹ ka ìyẹn sí awakọ̀ Àpápá létí, á ní irọ́ lẹ ń pa. Kí ètò tí wọ́n fi ń pe tírélà wọ èbúté Àpápá lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejì 2021, tírélà máa ń lo ọ̀sẹ̀ lórí ìlà, lórí afárá, kó tó wọ èbúté. Inú orí ọkọ̀ yín ni àwọn awakọ̀ ń gbé nígbà náà. Òjò pa wọ́n níbẹ̀, oòrùn pa wọ́n níbẹ̀, ìyàwó wọn bímọ lẹ́yìn wọn nílé, fóònù ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ kò wọn bẹ́ẹ̀dì yẹn fún irú ìgbé bẹ́ẹ̀; alẹ́ ọjọ́ kan lẹ fi sọ́kàn, àwa sì ń fi í ṣelé.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ yìn yín fún láìṣẹ̀fẹ̀: ìjókòó aláfẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ tí bíréèkì ń lò náà ló gbé e dúró, tí ó fi jẹ́ pé bí táyà bá já sí kòtò, awakọ̀ á rọra lọ sókè, á rọra padà, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní gba gbogbo rẹ̀. Òfin náà wà lọ́rùn àwọn tó ń gba awakọ̀ síṣẹ́ lọ́dọ̀ yín; láti 2002 ni Yúróòpù ti fi òdiwọ̀n sí bí ẹ̀rọ ṣe lè gbọn ara òṣìṣẹ́ tó lóòjọ́. Ìjókòó yìí ló sì máa ń tètè bàjẹ́ lọ́dọ̀ wa. Rọ́bà rẹ̀ jò, awakọ̀ sọ fún ọ̀gá, ọ̀gá bi í bóyá ìjókòó ló ń gbé sìmẹ́ǹtì. Wọ́n á fi igi há a lábẹ́, wọ́n á ká tìmùtìmù lé e. Orí igi yẹn ni yóò jókòó sí láti Èkó dé Kánò, bí ẹgbẹ̀rún kìlómítà, yóò sì padà. Ẹ bi awakọ̀ tó ti sún mọ́ àádọ́ta ọdún bí ìbàdí rẹ̀ ti rí, kó tó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ lẹ ó ti gbọ́ èsì.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Ẹ fún wa ní fèrèsé lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí ó ní àwọ̀n. Amúlétutù tó ń fi bátìrì ṣiṣẹ́ lóru láìtan ẹ́ńjìnnì, mo mọ̀ pé ẹ ti ń tà á, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ẹ nìkan lẹ ń tà á fún, lówó ọ̀tọ̀. Ẹ jẹ́ kí ó máa bá gbogbo ọkọ̀ wá láti ilé, nítorí ẹni tó kọ́kọ́ rà á kọ́ ni yóò pẹ́ nínú rẹ̀ jù. Ẹ sì fi ìdérí tó lè tì pa sí ibi ìkẹ́rùsí òkè, nítorí gààrí.

Ẹ̀yin olówó ọkọ̀ tí ẹ ń ka lẹ́tà tí a kò kọ sí yín, ẹ má rò pé n kò rí yín. Jíìpù yín tutù nini láti Lẹ́kí dé Ìbàdàn, ẹ kì í ṣí fèrèsé. Fáànù tó ń lo bátìrì ọkọ̀ kò wọ́n. Àwọ̀n ẹ̀fọn kò wọ́n. Rọ́bà ìjókòó kan kò tó owó táyà kan, ẹ sì ń ra táyà. Ẹ yọ igi yẹn kúrò lábẹ́ ìjókòó, ẹ ra rọ́bà tuntun sí i, kí ọkọ̀ tó tún gbéra lọ sí Kánò.