Owó Iwájú, Ẹkún Ẹ̀yìn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi gba ẹjọ́ yìí rò. 100 mílíọ̀nù pọ́n-ùn ni wọ́n kó lé mi lọ́wọ́, kò sì tó mi ná. Owó ọ̀hún kì í kúkú ṣe owó gidi. Orí fóònù ló wà, kò lè ra búrẹ́dì. Síbẹ̀, oorun tó ti gbà lójú mi ju èyí tí owó ilé gbà lọ.

Ẹni tó bá ń ṣe Fantasy ti mọ ibi tí bàtà ti ń ta mí lẹ́sẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, wọ́n ní kí n fi owó yẹn ra agbábọ́ọ̀lù 15 nínú líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: aṣọ́lé 2, ọwọ́ ẹ̀yìn 5, àárín 5, ọwọ́ iwájú 3. Ohun tí wọ́n bá ṣe lórí pápá ló ń di máàkì fún mi, máàkì ọ̀hún la sì fi ń bú ara wa ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ìyàwó mi gbọ́ mi lóru ọjọ́ kan tí mò ń kùn pé, “Mílíọ̀nù 4 àbọ̀ ló kù lọ́wọ́ mi, kí ni mo fẹ́ fi í rà?” Ó dìde jókòó. “Bàbá Ìbejì, owó gáàsì ńkọ́?”

Ẹ bá mi ṣírò. Nígbà tí sáà 2024/25 bẹ̀rẹ̀, mílíọ̀nù 15 ni wọ́n dá lé Erling Haaland, wọ́n dá 12.5 lé Mohamed Salah. Ẹni méjì péré, 27.5 ti lọ. 72.5 tó kù, ẹni mẹ́tàlá ló fẹ́ jẹ ẹ́. Ẹ má sì ní kí n yọ ọ̀kan sílẹ̀ o! Lóṣù kẹjọ, Haaland gbá mẹ́ta sáwọ̀n Ipswich, nígbà tó fi máa di Sátidé kejì, ó tún gbá mẹ́ta sáwọ̀n West Ham. Salah ní tiẹ̀ gbá 29 wọlé kí sáà tó parí, ó gbé 18 fún ẹlòmíì gbá, máàkì 344 ló kó jọ, ẹnikẹ́ni ò kó iye yẹn rí nínú eré yìí. Bí mi ò bá ní wọn, ojú wo ni mo fẹ́ fi wọ ọ́fíìsì?

Mo wá yíjú sẹ́yìn. Kí ni mílíọ̀nù 4 ń rà lẹ́yìn? Ẹni tó jókòó ti kóòṣì nínú kóòtù ńlá, tó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù, tí kò ní bọ́ kóòtù yẹn títí wọ́n á fi fọn fèrè. Bó bá sì jẹ́ ẹni tó ń wọ pápá, inú ẹgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè ló ti ń wá. Leicester, Ipswich àti Southampton ló gòkè lọ́dún yẹn, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì jọ padà sísàlẹ̀. Bọ́ọ̀lù 86 ló wọ àwọ̀n Southampton nìkan. Ibi tí wọ́n ní kí tálákà ti máa rajà nìyẹn.

Ọ̀kan wà nínú àwọn tí mo rà, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, àánú ìyá rẹ̀ ń ṣe mí. Ìṣẹ́jú 88, òdo sí òdo. Máàkì 2 ti wà nílẹ̀ nítorí ó ti lò kọjá wákàtí kan lórí pápá, 4 tún wà níbẹ̀ nítorí bọ́ọ̀lù ò tíì wọ ilé wọn. Mẹ́fà! Kọ́ọ̀nà. Ọkùnrin yìí di jẹ́sì ẹni tí wọ́n ní kó ṣọ́ mú gírígírí, ojú rẹ̀ wà lára rẹfirí, kò wo bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù gba orí rẹ̀ kọjá, ó di gólì. Mẹ́rin ti fò lọ. Kí n tó pa ẹnu dé, òmíràn tún wọlé, wọ́n yọ 1 nínú 2 tó kù. Ó wá lọ ń bá rẹfirí jà, wọ́n fi káàdì yẹ́lò yọ ẹyọ kan tó ṣẹ́kù.

Àgùnbánirọ̀ kan ló ń ṣíwájú gbogbo wa ní ọ́fíìsì. Ẹ̀yìn ló náwó sí. Ìrẹ́jẹ tó wà níbẹ̀ rèé: bí ọwọ́ iwájú bá gbá gólì, 4 ni wọ́n ń fún un, bí ọwọ́ ẹ̀yìn bá fi orí kan irú ẹ̀ wọlé, 6 ni. Ẹni tí mo fi mílíọ̀nù 15 rà ń gba 4, ẹni mílíọ̀nù 5 ọmọ yìí ń gba 6! Ó tún wá ń fi Liverpool wàásù fún mi, pé ní oṣù kìíní ọdún 2018 wọ́n ta Coutinho fún Barcelona lówó tó lé ní 100 mílíọ̀nù pọ́n-ùn, wọ́n fi 75 ra Van Dijk sẹ́yìn, wọ́n ra Alisson sílé lọ́dún náà, wọ́n sì gba ife Champions League ní 2019 àti ti líìgì ní 2020. Ó gbójú fo Salah tó ti wà níwájú wọn láti 2017. Èmi ńkọ́, Barcelona wo ló fẹ́ wá ra tèmi? Ẹyọ kan ni wọ́n fún mi láti pààrọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́sẹ̀. Bí mo bá fọwọ́ kan ẹlẹ́ẹ̀kejì tí mi ò ní nípamọ́, wọ́n á yọ 4.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ò pọ̀. Kí wọ́n fi mílíọ̀nù 5 péré kún un, kí n fi tún ẹ̀yìn ṣe. Mo sọ ọ́ létí àgùnbánirọ̀ yìí, ó rẹ́rìn-ín. “Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Bí wọ́n bá fi 5 kún un, iwájú náà lẹ máa ná an sí.”

Mo ní kó lọ bá mi ṣe fọ́tòkópì.